Ìfiwéra àyẹ̀wò jẹjẹrẹ àpòlúkù: microRNA, pepsinogen, àbí kámẹ́rà?

Bí wọ́n bá to oríṣiríṣi àyẹ̀wò síwájú yín fún jẹjẹrẹ àpòlúkù, ìyẹn àpò tí oúnjẹ ń bọ́ sí tó bá ti kọjá ọ̀nà ọ̀fun, ẹ má kọ́kọ́ béèrè èyí tó dára jù. Iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ rán an ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Àyẹ̀wò tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣa àwọn tó yẹ kí wọ́n lọ ya kámẹ́rà inú láàárín ẹgbẹ̀rún èèyàn lè má mọ bí wọ́n ṣe ń sọ fún ẹnì kan ṣoṣo pé jẹjẹrẹ wà lára rẹ̀. Iṣẹ́ ṣíṣà yẹn ni microRNA mọ̀ ọ́n ṣe. Púpọ̀ nínú àwọn tó já kulẹ̀ lórí rẹ̀, iṣẹ́ kejì ni wọ́n rán an.

microRNA jẹ́ RNA kúkúrú (RNA ni ẹ̀dà tí sẹ́ẹ̀lì ń dà kọ láti ara DNA) tí lẹ́tà rẹ̀ kò ju bíi 22 lọ. Kì í kọ́ purotéènì. Ńṣe ló máa ń lẹ̀ mọ́ RNA tó gbé àṣẹ purotéènì dání, á sì pa á lẹ́nu mọ́. Victor Ambros àti Gary Ruvkun ló kọ́kọ́ rí i lára aràn kékeré kan tó ń jẹ́ C. elegans ní 1993, ẹ̀bùn Nobel sì tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ lórí rẹ̀ ní 2024. Ohun tó sọ ọ́ di nǹkan àyẹ̀wò ni pé ó máa ń jáde sínú ẹ̀jẹ̀, kì í sì í tètè bàjẹ́ níbẹ̀ bíi ti RNA gígùn, torí pé purotéènì tàbí àpò ọ̀rá tín-ín-tìn-ìn-tín ló bò ó lára.

Àwọn tó ń bá a du ipò

Kámẹ́rà tí wọ́n ń ti ẹnu tì wọ inú, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní endoscopy, ni adájọ́. Òun nìkan ló ń fojú rí ibi tó bàjẹ́, òun náà ló sì ń já ẹran bíńtín níbẹ̀ fún àwọn tó máa fi máíkírósíkóòpù wò ó. Bí egbò tó ń kọni lóminú bá wà, ẹran mẹ́fà sí mẹ́jọ ni wọ́n máa ń já, kì í ṣe ẹyọ kan, nítorí àárín egbò lè jẹ́ kìkì ẹran tó ti kú, kí jẹjẹrẹ sì wà ní etí rẹ̀. Àmọ́ adájọ́ náà ń ṣìnà. Ẹni tó ti ń gbé omeprazole, oògùn tó ń dín ásíìdì inú kù, mì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lè ní egbò jẹjẹrẹ tó dà bí èyí tó ti ń jinná, kí kámẹ́rà sì kọjá lórí rẹ̀. Irú jẹjẹrẹ kan sì wà tó ń rá pálá lábẹ́ awọ àpòlúkù; òkè ibẹ̀ á máa dán, ẹran tí wọ́n já lórí ò sì ní bá nǹkan kan. Japan ti fọwọ́ sí kámẹ́rà fún ṣíṣe àyẹ̀wò ará ìlú láti ẹni 50 ọdún lọ sókè, South Korea sì ń ṣe tiwọn ní ọdún méjì-méjì láti ẹni 40 ọdún. Orílẹ̀-èdè tí kò ní kámẹ́rà àti dókítà tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ló ń wá ohun tí yóò fi ṣa èèyàn ṣáájú.

Pepsinogen ni wọ́n ti ń lò fún iṣẹ́ ṣíṣà yẹn tipẹ́. Purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ ni, àpòlúkù ló ń ṣe é. Bí awọ inú àpòlúkù bá ti ń gbó tó sì ń fẹ́lẹ́, pepsinogen I á lọ sílẹ̀. Òdiwọ̀n tí wọ́n ń lò ní Japan ni kí pepsinogen I má ju 70 ng/ml lọ, kí ìpín I sí II má sì ju 3 lọ. Ẹ ṣàkíyèsí ohun tó ń sọ: pé ilẹ̀ ti ṣá. Kò sọ pé igi burúkú ti hù níbẹ̀. Jẹjẹrẹ tó hù lórí awọ tí kò tíì gbó á bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Omeprazole tún ń da èyí náà rú, torí ó ń gbé pepsinogen sókè, àbájáde á wá rí bíi pé kò sí wàhálà. Kíndìnrín tó ń kùnà ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà.

Àyẹ̀wò kòkòrò H. pylori ń sọ ẹni tó wà nínú ewu. Láti 1994 ni IARC, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, ti fi kòkòrò náà sí ipò kìn-ín-ní nínú àwọn ohun tó ń fa jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ilẹ̀ Yorùbá náà nínú, ó wà lára ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, síbẹ̀ jẹjẹrẹ àpòlúkù kò pọ̀ tó bí èèyàn á ṣe retí. Láti 1992 ni wọ́n ti ń pe ọ̀rọ̀ náà ní àdììtú Áfíríkà. Níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn bá ti ní kòkòrò kan, «ó wà lára rẹ» kò ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀. Ó yẹ kí wọ́n tọ́jú rẹ̀, èyí ò sọ pé kí ẹ má tọ́jú rẹ̀, àmọ́ kò lè ṣa èèyàn.

CEA àti CA 19-9, àwọn àmì inú ẹ̀jẹ̀ tí jẹjẹrẹ máa ń gbé sókè ńkọ́? Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún títọpa ẹni tí wọ́n ti mọ̀ pé ó ní àrùn náà. Wọn kì í sábà gòkè nígbà tí jẹjẹrẹ ṣì kéré.

| Àyẹ̀wò | Ohun tó ń sọ ní tòótọ́ | Ohun tó ń ṣì í lọ́nà |
|---|---|---|
| Kámẹ́rà àti ẹran jíjá | jẹjẹrẹ wà tàbí kò sí | omeprazole, ìkánjú, àrùn tó fara pamọ́ sábẹ́ awọ |
| Pepsinogen | awọ àpòlúkù ti gbó | omeprazole, àìsàn kíndìnrín |
| H. pylori | kòkòrò tó ń dá ewu sílẹ̀ wà | ibi tí gbogbo ayé ti ní in |
| Àkójọ microRNA (ju ẹyọ kan lọ) | ó ṣeé ṣe kí jẹjẹrẹ wà, ẹ lọ wò ó | ẹ̀jẹ̀ tí sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ fọ́, ọwọ́ tí wọ́n fi gba ẹ̀jẹ̀ |

Ẹyọ kan àbí àkójọ?

Ibí ni owó ti máa ń ṣòfò jù. Ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ á ka ìwé kan tó sọ pé miR-21, ọ̀kan nínú àwọn microRNA, gòkè nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní jẹjẹrẹ àpòlúkù, á sì lọ ra èròjà rẹ̀. Òótọ́ ni pé ó ń gòkè. Ó tún ń gòkè nínú jẹjẹrẹ ọmú, ti ìfun ńlá, ti ẹ̀dọ̀fóró, ti amọ́ (pancreas), àti nínú ara wíwú tí kì í ṣe jẹjẹrẹ rárá. Èéfín lẹ rí, ẹ ò tíì mọ ilé tó ń jó.

Àwọn onímọ̀ kan ní Kyoto gbé ìdáhùn tó dára sílẹ̀ ní 2010. Wọ́n wo plasma, ìyẹn omi ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti yọ sẹ́ẹ̀lì kúrò nínú rẹ̀, wọ́n rí i pé miR-17-5p, miR-21, miR-106a àti miR-106b gòkè, let-7a tí òun náà jẹ́ microRNA sì lọ sílẹ̀. AUC miR-106b nìkan jẹ́ 0.721. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi let-7a pín miR-106a, AUC di 0.879. Ẹni tí AUC bá ṣàjèjì sí: ẹ mú aláìsàn kan, ẹ mú ẹni tí ara rẹ̀ dá kan, láìmọ̀ọ́mọ̀ yàn wọ́n, AUC ni iye ìgbà tí àyẹ̀wò á fún aláìsàn ní máàkì tó ga jù. 0.5 ni kọ́bọ̀ tí wọ́n ta sókè, 1 ni àyẹ̀wò tí kì í ṣì.

Kí ló mú kí ìpín náà borí? Ọ̀kan ń gòkè, ìkejì ń sọ̀ kalẹ̀, àlàfo tó wà láàárín wọn wá fẹ̀ ju ti ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ. Èkejì, bí ọwọ́ ẹni tó di pípẹ́ẹ̀tì mú bá gbọ̀n tí plasma tó wọlé kò pé, àwọn méjèèjì ló dín kù pa pọ̀, ìpín wọn ò sì yí. Bí ẹ̀ bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ ìwádìí tí owó rẹ̀ kò pọ̀, ìpín méjì tàbí mẹ́ta irú èyí ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí. Ẹ fi ẹyọ kan sílẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún miR-451 àti miR-486. Wọ́n ti gbé wọn jáde rí gẹ́gẹ́ bí àmì jẹjẹrẹ àpòlúkù, pẹ̀lú AUC tó lé ní 0.9. Inú sẹ́ẹ̀lì pupa ni àwọn méjèèjì ti pọ̀ jù. Kí wọ́n kàn gba ẹ̀jẹ̀ aláìsàn pẹ̀lú ìkánjú, kí wọ́n sì gba ti ẹni tí ara rẹ̀ dá ní pẹ̀lẹ́, nọ́ńbà á yàtọ̀ láìjẹ́ pé jẹjẹrẹ dá sí i.

Àkójọ tó ti dé ọjà ni GASTROClear ti ilé-iṣẹ́ MiRXES ní Singapore. Àjọ tó ń bójú tó oògùn níbẹ̀ fọwọ́ sí i ní 2019. 578 microRNA ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń jọ̀ wọ́n títí ó fi ku 12, serum, ìyẹn omi tó ń kù lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ bá dì, ni wọ́n sì ń lò. Èèyàn 682 láti Singapore àti Korea ni wọ́n fi ṣe àwárí, lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e síwájú èèyàn 4,566 tí inú ń yọ lẹ́nu tí wọ́n sì ya kámẹ́rà fún. Ẹ wo bí AUC ṣe sọ̀: 0.93 nígbà àwárí, 0.848 nígbà tó bọ́ sójú agbo. Gbogbo àyẹ̀wò ló máa ń sọ̀ bẹ́ẹ̀ tó bá kúrò lọ́wọ́ àwọn tó bí i. Èyí tí kò bá tíì lọ sójú agbo, ẹ má ka 0.98 rẹ̀ sí. Nínú àwọn kan náà, H. pylori gba 0.635, ìpín pepsinogen gba 0.641. microRNA borí àwọn méjèèjì.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀. Nínú 100 ẹni tó ní jẹjẹrẹ, ó mú 87. Nínú 100 ẹni tí kò ní i, ó dá 68 sílẹ̀, ó sì fura sí 32 láìnídìí. Ká ní 25 nínú 1,000 èèyàn ló ní jẹjẹrẹ: á mú bíi 22, á sì tún mú 312 tí kò ṣe nǹkan kan. Ẹni tí àbájáde rẹ̀ bá sọ pé «bẹ́ẹ̀ ni», ìfura rẹ̀ tọ́ lẹ́ẹ̀kan nínú bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bó bá jẹ́ ìlú tí ẹyọ ẹnì kan nínú 1,000 ló ní i, ẹni kan yẹn á wà láàárín èèyàn tó lé ní 300 tí wọ́n dá lẹ́rù lásán. Ilé-iṣẹ́ kò purọ́ o; ìṣirò ló rí bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ibi tí jẹjẹrẹ àpòlúkù ti pọ̀ tí kámẹ́rà sì wà nítòsí ló yẹ ẹ́. Ará Singapore àti Korea sì ni wọ́n fi díwọ̀n rẹ̀; ààlà tí wọ́n fà fún wọn kì í ṣe ohun tí a lè ṣàdédé gbé ka orí ará Ìbàdàn láìkọ́kọ́ dán an wò níbẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ tó fọ́ ló ń ba iṣẹ́ jẹ́

Bí ẹ bá ti yan ohun tí ẹ máa wọ̀n, ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ gbà dé fìrísà ṣe pàtàkì ju ẹ̀rọ lọ. Ẹ pinnu láti ìbẹ̀rẹ̀ bóyá plasma ni tàbí serum, ẹ má sì pa wọ́n pọ̀ láéláé. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dì nínú túùbù láti di serum, àwọn platelet, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì wẹ́wẹ́ tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, máa ń tú microRNA tiwọn síta, nítorí náà nọ́ńbà méjèèjì ò bára mu. Serum ni kí ẹ mú bí àkójọ tí ẹ fẹ́ lò bá jẹ́ ti serum. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ náà dì fún ìṣẹ́jú 30 sí 60, kí àkókò náà sì dọ́gba fún gbogbo èèyàn. Fún iṣẹ́ ìwádìí tuntun, plasma ló rọrùn láti ṣàkóso.

Fún plasma, túùbù EDTA ni, èyí tí èròjà inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Heparin tí òun náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò dára, torí ó ń dí ẹ̀rọ PCR, tó ń sọ ohun tí ẹ ń wá di púpọ̀ kó lè wọ̀n ọ́n, lọ́wọ́, nọ́ńbà á sì lọ sílẹ̀ láìjẹ́ pé ohunkóhun dín kù nínú ẹ̀jẹ̀. Lo abẹ́rẹ́ 21G, má fa ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú agbára, dorí túùbù kodò ní ìgbà 8 sí 10 pẹ̀lú pẹ̀lẹ́, má gbọ̀n ọ́n. Kó tó pé wákàtí méjì, fi sínú ẹ̀rọ centrifuge tó ń yí bírí láti ya sẹ́ẹ̀lì kúrò lára omi: 1,500 sí 2,000 × g fún ìṣẹ́jú 10. Fa plasma òkè, kí o fi bí ìdajì sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀ lórí ìpele funfun tó wà láàárín, torí ibẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì funfun àti platelet kóra jọ sí. Ìgbà kejì, 10,000 × g tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìṣẹ́jú 10. Ọ̀pọ̀ máa ń fo ìgbà kejì yìí láti fi dín iṣẹ́ kù. Àwọn platelet tó kù á sì fọ́ nígbà tí plasma bá dì tó tún yọ́, á wá dà bíi pé miR-223 gòkè. Pín in sí 200 µl ní túùbù kọ̀ọ̀kan, kó tó wọ −80 °C, kó má bàa di pé wọ́n ń yọ ọ́ tí wọ́n tún ń dá a padà. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, kọ ọjọ́ àti wákàtí tí fìrísà gbóná sílẹ̀. Túùbù tó bá yọ́ lẹ́ẹ̀kan láìjẹ́ pé ẹ fẹ́ bẹ́ẹ̀, ya á sọ́tọ̀.

Ojú lásán kì í rí ẹ̀jẹ̀ tó fọ́ díẹ̀. Kí plasma tó pọ́n lójú yín, ó ti bàjẹ́ tipẹ́. Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ wọn ìmọ́lẹ̀ 414 nm, níbi tí haemoglobin, àwọ̀ pupa inú sẹ́ẹ̀lì pupa, ti ń hàn. Ọ̀pọ̀ láàbù ló ń kọ plasma tó bá ju 0.2 lọ. Èkejì dáa jù: ẹ yọ Cq miR-451a kúrò nínú Cq miR-23a. Cq ni iye yípo tí PCR yí kó tó rí ohun tó ń wá. Bó bá ṣe kéré tó ni ohun náà ṣe pọ̀ tó. miR-23a kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà bí sẹ́ẹ̀lì pupa bá fọ́, miR-451a ni ó máa ń ya wọlé. Bí ìyókù bá kéré sí 5, plasma mọ́. Bó bá ju 7 lọ, ẹ dà á nù. Láàárín 5 sí 7, ẹ lè lò ó, bí àkójọ yín kò bá ní àwọn ará inú sẹ́ẹ̀lì pupa nínú.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ìwé àwọn ará Éṣíà kì í sábà kàn: àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ìyẹn sickle cell. Sẹ́ẹ̀lì pupa àwọn tó ní i ń fọ́ nínú iṣan wọn fúnra rẹ̀, ibà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Kò sí abẹ́rẹ́ tó lè tún ìyẹn ṣe. Ẹ béèrè, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ sì dúró títí ibà á fi lọ kí ẹ tó gba ẹ̀jẹ̀.

Ìtọ̀ àti omi inú àpòlúkù ńkọ́? Wọ́n ti wá microRNA nínú méjèèjì. Omi àpòlúkù sún mọ́ jẹjẹrẹ ju ẹ̀jẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ásíìdì ń ba RNA jẹ́, rọ́bà sì gbọ́dọ̀ wọ imú tàbí ẹnu kí wọ́n tó rí i fà. Ẹni tó bá ti gbà kí rọ́bà wọ inú òun, kí wọ́n kúkú fi kámẹ́rà sí i. Ìtọ̀ rọrùn láti gbà, ṣùgbọ́n ohun tó wà níbẹ̀ kéré, kò sì tíì kúrò ní ìpele ìwádìí.

Ẹ̀rọ àti ohun tí ẹ máa fi wé

RT-qPCR, ìyẹn PCR tó ń sọ RNA di DNA kó tó wọ̀n ọ́n, ni kí ọ̀pọ̀ láàbù mú. Ẹ ṣe túùbù mẹ́ta fún àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan, kí Cq wọn má jìn síra ju 0.5 lọ, ẹ má gba Cq tó ju 35 gbọ́. Digital PCR ń pín omi náà sí bíi 20,000 ẹ̀kán, ó ń ka ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ohun tó ń dí PCR lọ́wọ́ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rí i gbé ṣe. Ó wúlò bí ohun tí ẹ ń wá bá ṣọ̀wọ́n. Sequencing, ìyẹn kíka lẹ́tà RNA lọ́kọ̀ọ̀kan, wà fún àwárí nìkan.

Ohun tí ẹ máa fi wé, ìyẹn RNA tí kì í yí padà tí ẹ ó fi díwọ̀n ìyókù, ni ibi tí iṣẹ́ rere ti ń kú. U6, RNA kékeré kan tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹran ara ń lò kò dúró sójú kan nínú plasma. miR-16 gbajúmọ̀, àmọ́ inú sẹ́ẹ̀lì pupa lòun náà pọ̀ sí: bí ẹ̀jẹ̀ bá fọ́, ó gòkè, gbogbo ìyókù á wá dà bí ẹni pé wọ́n lọ sílẹ̀. Ẹ dán microRNA márùn-ún tàbí mẹ́fà wò lára àwọn ènìyàn yín, kí ẹ mú méjì tí kò yí. Ẹ tún fi cel-miR-39 sí i láti mọ ohun tó ṣòfò nígbà tí ẹ ń yọ RNA jáde. Aràn ló ni ín, kò sí lára ènìyàn. Ìgbà tí omi tó ń pa ensáìmù bá ti wọlé ni kí ẹ tó fi í sí i. Bí ẹ bá dà á sínú plasma lásán, àwọn ensáìmù inú ẹ̀jẹ̀ á jẹ ẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá, ẹ ó sì rò pé èròjà ìyọkúrò ló burú.

Ẹ má sì gba ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn ní wọ́ọ̀dù ní àárọ̀, lórí ebi, kí ẹ wá gba ti àwọn tí ara wọn dá níbi ìfúnni-lẹ́jẹ̀ lọ́sàn-án, nínú túùbù tó yàtọ̀, kí ẹ sì sọ wọ́n sí fìrísà méjì. Ẹ̀rọ á yà wọ́n sọ́tọ̀ dáadáa, á fún yín ní AUC tó wu ojú, ohun tó kọ́ láti mọ̀ ò sì ju fìrísà lọ.

Bí wọ́n bá fẹ́ tà á fún yín

Ẹni tí wọ́n bá gbé àyẹ̀wò microRNA fún ní ilé ìwòsàn, yálà ní Èkó, ní London tàbí ní Houston, kó béèrè nǹkan mẹ́ta: àwọn wo ni wọ́n fi díwọ̀n rẹ̀, mélòó ló dá sílẹ̀ nínú 100 ẹni tí kò ní i, ta ló sì máa sanwó kámẹ́rà bó bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Bí ẹnikẹ́ni kò bá ní ìdáhùn sí ẹ̀kẹta, owó yẹn ṣì lè ṣe nǹkan mìíràn.

Àwọn kan wà tí kò yẹ kí wọ́n dúró ti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rárá: ẹni tó ń bì ẹ̀jẹ̀, ẹni tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, ẹni tó ń rù láìmọ ìdí, ẹni tí oúnjẹ ń há ní ọ̀fun, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré láìsí ohun tó fà á, àti ẹni tí jẹjẹrẹ yìí ti mú òbí tàbí ọmọ ìyá rẹ̀. Kámẹ́rà ni tiwọn. Bí microRNA bá sì ti sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé kò sí nǹkan, kó mú ìwé àbájáde náà lọ́wọ́ tọ dókítà lọ, kó sì ní kí wọ́n ya kámẹ́rà náà síbẹ̀síbẹ̀. 13 nínú 100 tó ní i ni àkójọ microRNA GASTROClear ń jẹ́ kó lọ.